MGB GT oní-V8 mi ń kú lórí òkè: ṣé pọ́ǹpù epo ni kí n pààrọ̀?

Ọlọ́kọ̀Pupa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. MGB GT ọdún 1972 ni ọkọ̀ mi. Ẹni tó tà á fún mi ti yọ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin tó bá a jáde láti Abingdon, ó sì ti gbé Rover V8 lítà 3.5 (onísìlíńdà mẹ́jọ) tó yọ lára Rover SD1 sínú rẹ̀. Kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) Edelbrock 500 ẹlẹ́nu mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ti pààrọ̀ káàmù rẹ̀, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, sí èyí tó le díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì, ó fún wa ní hp (agbára ẹṣin) 195.

Nínú ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò ní wàhálà kankan. Ìgbà tí mo bá ń bọ̀ láti Reigate, tí mo ń gun òkè lórí títì A217 lọ sí títì ńlá M25 ní gíà kẹta, ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Tí mo bá tẹ ẹ mọ́lẹ̀, á fà dáadáa fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, lẹ́yìn náà á wá ṣe bí ẹni tí èémí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa fò sókè fò sílẹ̀. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ díẹ̀, á tún jí padà. Mo yọ púlọ́ọ̀gì wò, wọ́n funfun bí eérú.

Pọ́ǹpù SU àtilẹ̀wá ló ṣì wà níbẹ̀, páìpù epo náà sì ni ti 1972. Mo rí pọ́ǹpù kan tó ń jẹ́ Facet Red Top lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá rà á, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn?

TR6_Croydon

Ẹ má tíì náwó kankan, ẹ̀gbọ́n. Púlọ́ọ̀gì funfun ń sọ pé epo kò tó o lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí epo ti ń há. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa: ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ fílítà kẹ́yìn? Táńkì ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbọ́ bí pọ́ǹpù ṣe ń dún tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́? SU tó bá ń dún tik-tik-tik láìdákẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣiṣẹ́ ń fa afẹ́fẹ́ níbì kan, àbí kí epo máa jò, àbí kí abẹ́rẹ́ fúlótù, èyí tó ń dí ojú epo nínú kábúrétọ̀, má dí mọ́. Tó bá dún díẹ̀ tó sì dákẹ́, ara rẹ̀ le.

Mẹkáníìkì_Kent

Àbúrò, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, lórí Peugeot 404 àti 504, kí n tó dé ìlú òyìnbó. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ pọ́ǹpù tuntun lójú òun tí kò bá tíì fi kẹ́ẹ̀gì àti aago wọn epo tó ń dé iwájú. Ohun tí màá ní kí ẹ ṣe náà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da prẹ́ṣọ̀ pọ̀ mọ́ iye epo. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Prẹ́ṣọ̀ ni bí pọ́ǹpù ṣe ń fi ipá ti epo; iye epo ni lítà mélòó ló dé ẹnu kábúrétọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Géèjì lè máa fi prẹ́ṣọ̀ tó dára hàn yín nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, torí ẹ́ńjìnnì ò tíì béèrè nǹkan kan. Orí òkè Reigate ló ti ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù tí kò ní tọ́bò, tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo agbára rẹ̀, máa ń mu bí ìdajì pọ́n-ùn epo fún hp kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Ẹ fi ti yín sí hp 200. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 100, ìyẹn bíi kílò 45. Lítà epo kan wúwo tó bíi kílò 0.74, nítorí náà kílò 45 ń lọ sí lítà 61 ní wákàtí kan. Ẹ pín in sí ìṣẹ́jú 60: lítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, torí inú kẹ́ẹ̀gì níbi tí ohunkóhun ò ti dènà rẹ̀ lẹ máa gbà á sí, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ fúlótù máa ń dènà rẹ̀ nínú kábúrétọ̀. Lítà 1.3 la ń wá.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ síta gbangba, kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Kò gbọdọ̀ sí sìgá, kò gbọdọ̀ sí gílóòbù iná tó ń gbóná lẹ́bàá yín, kí ẹ̀rọ panápaná wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná púlọ́ọ̀gì má baà ta. Ẹ tú rọ́bà lẹ́nu kábúrétọ̀, ẹ so rọ́bà gígùn mọ́ ọn, kí ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè ní ìga kábúrétọ̀ gan-an, torí tí ẹ bá gbé e sílẹ̀, epo á ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ, á sì tàn yín jẹ. Kí ẹnì kan ṣí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 gééré. Iye tó bá wọ kẹ́ẹ̀gì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ kí ẹ gbà á lẹ́nu pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ yọ pọ́ǹpù kúrò lára táńkì, kí ẹ jẹ́ kó máa fa epo mímọ́ láti inú kẹ́ẹ̀gì tó wà ní ìga táńkì. Tí ẹ̀kíní bá kéré tí èkejì pọ̀, páìpù ló dí. Tí èkejì náà bá kéré tí ẹ̀kẹta pọ̀, inú táńkì ni ọ̀ràn wà. Tí gbogbo wọn bá kéré, ẹ tó lè máa bá pọ́ǹpù jà.

ÌyáMidget

Mẹkáníìkì ti sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi tèmi kún un nítorí pọ́ǹpù alágbára tí Ọlọ́kọ̀Pupa dárúkọ, nítorí mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

MG Midget 1275 ni mo ní, ó ní kábúrétọ̀ SU HS2 méjì. Mo ra pọ́ǹpù tó ń ti epo dé psi 6 sí 7 (psi ni wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀), mo sì dè é mọ́ ọkọ̀ láìsí régúlétọ̀ tó ń dín prẹ́ṣọ̀ kù. Pọ́ǹpù yẹn ò ní àléébù kankan o, èmi ni mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. Kábúrétọ̀ SU fẹ́ bíi psi 2 sí 3. Abẹ́rẹ́ kékeré tó ń dí ojú epo nínú abọ́ fúlótù ò lè ko psi 7 lójú. Epo kún abọ́, ó ń ṣàn jáde níbi páìpù ìtújáde, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tún kábúrétọ̀ náà ṣe ṣáájú ti gbàgbé láti dá ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà padà. Ọwọ́ kan náà ni kábúrétọ̀ àti ẹ́síọ́sì wà lára ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹ mọ ibi tí epo náà ń kán sí.

Lórí A2 ni, ọmọbìnrin mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Òórùn epo la kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀fin jáde láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo pa kọ́kọ́rọ́, mo gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo fa ọmọ mi jáde, a sáré jìnnà. Awakọ̀ akẹ́rù kan tó dúró ràn wá lọ́wọ́ ló kọ́ mi pé kí n má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbagada, torí afẹ́fẹ́ tó bá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń sọ iná kékeré di ńlá. Ó kàn jáa díẹ̀, ó ti ẹnu panápaná bọ ojú àlàfo náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí iná fi kú. Ọlọ́run ṣàánú wa, àwọ̀ ọkọ̀ àti wáyà nìkan ló jóná.

Nítorí náà: régúlétọ̀ ṣáájú kábúrétọ̀, kí ẹ fi géèjì wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí páìpù ìtújáde kọ̀ọ̀kan wà níbi tó yẹ kó wà. Kí ẹ sì so ẹ̀rọ panápaná mọ́ ibi tí ọwọ́ ti lè tó o láti orí àga.

ỌmọEnfield

Ẹ kú orí ire, màámi. Ṣùgbọ́n mo ti lo irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kábúrétọ̀ Weber DCOE 40 méjì fún ọdún mẹ́jọ láìsí régúlétọ̀, kò sì sí nǹkan kan. Mo rò pé ó dá lórí kábúrétọ̀.

Mẹkáníìkì_Kent

Ó dá lórí kábúrétọ̀ lóòótọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n Weber DCOE náà fẹ́ràn bíi psi 3, kò gbọdọ̀ ju 3.5 lọ. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde láàárọ̀ ọ̀la kí ẹ tó ṣíná ọkọ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ń rùn bí epo, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń ga sí i dípò kó máa wálẹ̀, àpọ̀jù epo ló ń ṣan ògiri sìlíńdà. Ohun tí ọdún mẹ́jọ ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì kì í pariwo.

Edelbrock ti Ọlọ́kọ̀Pupa yàtọ̀ sí méjèèjì. Psi 5 sí 6 ló dára fún un. Nítorí náà, pọ́ǹpù SU tó ń ti nǹkan bí psi 2.7 kò ní bá a mu títí lọ, kódà bí táńkì bá mọ́. Síbẹ̀ ẹ ṣe ìwọ̀n ná.

Oníwáyà_Leeds

Kí ẹ tó wọn epo, ẹ wọn iná. Mo ti rí ọkọ̀ MG tí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ wáyà funfun tó gba inú kọ́kọ́rọ́ lọ sẹ́yìn ló ti rẹ̀. Ẹ fi mítà kan ẹnu pọ́ǹpù nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Tí bátìrì bá ní fóòtì 12.6 tí ti ẹnu pọ́ǹpù sì jẹ́ 10.8, bíi fóòtì méjì ló ti sọnù lọ́nà, pọ́ǹpù ò sì lè ṣe bó ṣe yẹ. Ẹ wo ibi tí wáyà dúdú rẹ̀ ti kan irin ọkọ̀ náà, ìpẹtà ibẹ̀ máa ń jẹ iná lọ́pọ̀lọpọ̀.

Inú mi dùn sí MGB lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ̀yìn àga ni bátìrì rẹ̀ wà. 1972 ní bátìrì fóòtì mẹ́fà méjì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn gan-an ni pọ́ǹpù wà. Ẹ fi rìléè, súwíìṣì tí iná kékeré ń jí, sí ibẹ̀: wáyà 2.5 mm² láti bátìrì, gba fíúùsì, gba rìléè, dé pọ́ǹpù. Kò tó mítà kan. Wáyà funfun àtijọ́ á kàn máa jí rìléè.

Lójú ọ̀nà wáyà tó ń jí rìléè yẹn ni kí ẹ fi súwíìṣì tó ń pa epo nígbà ìjàǹbá sí. Ford, Land Rover àti Jaguar ló pọ̀ tí wọ́n fi irú rẹ̀ sí. Bọ́ọ̀lù irin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ tí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, iná pọ́ǹpù á sì kú. Pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ nínú ọkọ̀ tó ti dojú dé ń da epo sórí iná ni. Lójú tèmi, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ fi pọ́ǹpù tuntun sí ọkọ̀ àtijọ́ láìfi súwíìṣì yìí sí i.

Ẹ̀yin tí MGB yín ṣáájú ìparí 1967, ẹ kíyè sára: pọ́sítífì ni wọ́n dè mọ́ irin ọkọ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe nẹ́gétífì. Pọ́ǹpù ìgbàlódé kan tí ẹ bá dè ní òdìkejì á jóná lójú ẹsẹ̀.

Ọlọ́kọ̀Pupa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti wọ̀n ọ́n lónìí, ọ̀rẹ́ mi kan ló di kọ́kọ́rọ́ mú.

Iná ẹnu pọ́ǹpù: fóòtì 11.2. Bátìrì: 12.5.
Epo ní iwájú: lítà 0.62 ní ìṣẹ́jú kan.
Epo lẹ́nu pọ́ǹpù: lítà 0.7.
Láti inú kẹ́ẹ̀gì mímọ́: lítà 1.1.

Ẹnu yà mí. Pọ́ǹpù tí mo fẹ́ jù nù ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Táńkì ni, àbí?

Mẹkáníìkì_Kent

Táńkì ni. Ẹ káre, ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. Láti 0.7 sí 1.1, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mọ́kànlá ló há sínú táńkì. Láti 0.7 wá sí 0.62 ni ti páìpù àti fílítà iwájú. Ìyẹn ò pọ̀, àmọ́ ẹ yẹ abẹ́ wò bóyá ẹnì kan ti gbé jáàkì lé páìpù náà kó tẹ̀.

Ẹ sọ táńkì náà kalẹ̀. Ẹ fa epo rẹ̀ gbẹ síta, kí ẹ yọ bátìrì kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, nítorí náà ẹ má ṣe é nínú ilé tó ní kòtò mẹkáníìkì tàbí lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán, ẹ wo orí rẹ̀, ẹ má wo abẹ́ rẹ̀. Orí táńkì MGB ló máa ń dípẹtà, torí ẹrẹ̀ àti iyọ̀ títì máa ń há sáàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ búùtù, kò sí ẹni tó ń rí i, títí ihò á fi lu. Ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì tí kì í ta iná wo inú rẹ̀. Asẹ́ kékeré kan wà ní ẹnu ọ̀pá tí epo ń gbà jáde. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún wa bó ṣe rí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá yín jó táńkì àtijọ́. Táńkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí oru ló kún inú rẹ̀, oru sì ni ohun tó ń bú gbàmù. Ẹ ra tuntun.

Ọlọ́kọ̀Pupa

Asẹ́ náà dúdú, nǹkan kan bí àwọ̀ ọ̀dà tó ti gbó bo ó. Awẹ́ awẹ́ ni nǹkan náà ń bó lára ògiri táńkì nínú. Ẹni tó tà á fún mi ti da irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ inú táńkì sínú rẹ̀ nígbà kan rí, mo rí ìwé owó rẹ̀ nínú fáìlì ọkọ̀. Orí táńkì ní ihò méjì bí orí abẹ́rẹ́. Mo ti béèrè fún táńkì tuntun.

ÌyáMidget

Ethanol, ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo, ló bó o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlẹ̀mọ́ inú táńkì ti ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ṣe kí ethanol tó wọ epo ìlú yìí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10 ti di epo tó wọ́pọ̀ ní gbogbo Great Britain, Northern Ireland sì tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Tó bá jẹ́ E10, ethanol lè tó ìdá 10 nínú 100 epo náà. Ó máa ń fa omi mọ́ra, ó ń jẹ irin àti rọ́bà àtijọ́, ó sì ń tú ìdọ̀tí tó ti sùn nínú táńkì láti ọdún gbọọrọ. E5 ni mo ń rà fún Midget, ìyẹn epo super tí ìwọ̀n octane rẹ̀ jẹ́ 97 sókè. Owó rẹ̀ wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọjọ́ ìsinmi ni.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń tú gbogbo ẹ̀ kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, kì í ṣe èyí tó ti là nìkan. Ẹ wá èyí tí wọ́n tẹ SAE J30 R9 sí lára. R6 wà lórí ọ̀pọ̀ àtẹ, ó sì ń jọ ọ́, àmọ́ kò lè ko ethanol lójú bíi R9. Ẹ yẹra fún èyí tí kò ní ìkọ̀wé kankan lára. Mo máa ń kọ oṣù àti ọdún tí mo fi rọ́bà kọ̀ọ̀kan sí i sára rẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùn-ún mo ń yọ ọ́ bó tilẹ̀ dára lójú.

Ẹ má sì jẹ́ kí rọ́bà tí wọ́n fi irin hun níta fà yín lójú mọ́ra. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí i tí rọ́bà inú rẹ̀ bá ń là. Tí ẹ bá fẹ́ irin híhun, ẹ ra èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ PTFE, irú ike kan, dípò rọ́bà.

TR6_Croydon

Kílíìpù náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ onínjẹ́ṣọ̀n (tó ń fi ipá fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì dípò kábúrétọ̀), tí kò ní ihò lára, ló ń di rọ́bà mú yíká. Èyí tó ní ihò gígùn lára máa ń gé rọ́bà.

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń lọ síbi kábúrétọ̀ nìkan, àmọ́ àwọn kan á fẹ́ gbé onínjẹ́ṣọ̀n sí Rover V8 wọn, torí ó pọ̀ lára Range Rover àti Discovery àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí TR6 kọ́ mi. Ọkọ̀ tèmi, Triumph TR6, ní ètò ínjẹ́ṣọ̀n PI ti Lucas, èyí tó ń fi psi tó ju 100 lọ ti epo. Láti TR5 ọdún 1967 ni Triumph ti ń lò ó. Inú búùtù ni pọ́ǹpù rẹ̀ wà. Nígbà ooru, tí epo inú táńkì bá ti kù díẹ̀, pọ́ǹpù àti epo máa ń gbóná pọ̀, epo á di oru kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ nínú wa la ti fi pọ́ǹpù Bosch rọ́pò rẹ̀.

Onínjẹ́ṣọ̀n ti Rover ò le tó yẹn, bíi 2.5 bar (bíi psi 36) ló fẹ́, àmọ́ ìyẹn ṣì ju ti kábúrétọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje. Ó nílò páìpù méjì: ọ̀kan tó ń lọ, ọ̀kan tó ń bọ̀, torí epo tí ẹ́ńjìnnì ò lò gbọ́dọ̀ padà sí táńkì. Ó tún nílò ìkòkò kékeré láàárín táńkì àti pọ́ǹpù ńlá. Ìdí ni pé táńkì tí wọ́n ṣe fún kábúrétọ̀ lè má ní ògiri nínú tó lè di epo mú; tí ẹ bá wọ kọ́nà gígùn, epo á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀pá á sì fa afẹ́fẹ́. Kábúrétọ̀ ní epo tirẹ̀ nínú abọ́ fúlótù tó lè fi gbé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Onínjẹ́ṣọ̀n ò ní, á kú lójú ẹsẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré á máa bu epo láti táńkì sínú ìkòkò, pọ́ǹpù ńlá á máa fà á nínú ìkòkò. Kí wọ́n má sì fi ìkòkò náà sínú búùtù lásán, torí nínú GT, afẹ́fẹ́ kan náà ni búùtù àti àwọn èrò ń mí. Abẹ́ ọkọ̀ ló dára jù, tàbí kí ẹ fi irin bò ó kí òórùn má lè wọlé.

Ọlọ́kọ̀Pupa

Kábúrétọ̀ lèmi ń bá lọ, owó ìkòkò àti pọ́ǹpù méjì ò sí lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kan: ṣé MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) àti ìbánigbófò á yọ mí lẹ́nu lórí gbogbo ìyípadà yìí?

Oníwáyà_Leeds

Láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó bá ti pé 40 ọdún ò nílò MOT mọ́, àyàfi tí wọ́n bá ti yí i padà gidigidi láàárín 30 ọdún sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ nínú ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin jẹ́ ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ síwèé pé ẹ ò nílò rẹ̀. Èmi á kàn máa gbé e lọ fún MOT lọ́dọọdún. Ojú kejì tó bá yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ti ìbánigbófò, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí dórí pọ́ǹpù.

Ọlọ́kọ̀Pupa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti parí rẹ̀. Táńkì tuntun wà níbẹ̀, fílítà alásẹ́ fífẹ̀ ṣáájú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù Facet lẹ́bàá táńkì ní ìsàlẹ̀, lórí rọ́bà kí ariwo má wọ inú ọkọ̀. Bàbá Kent ló sọ fún mi lórí fóònù pé irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ mọ epo-ń-ti ju epo-ń-fà lọ, nítorí náà kí n má gbé e síwájú. Páìpù tuntun mílímítà 8 tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ṣe ló lọ síwájú, mo gbà á ní òdìkejì ẹ́síọ́sì. Fílítà kejì, régúlétọ̀ Malpassi Filter King, rọ́bà R9, kílíìpù tí kò ní ihò. Rìléè àti súwíìṣì ìjàǹbá: mo fi ọwọ́ gbá súwíìṣì náà, pọ́ǹpù kú lóòótọ́, mo tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀, ó jí.

Iná ẹnu pọ́ǹpù: fóòtì 12.4.
Epo ní iwájú: lítà 1.7.
Prẹ́ṣọ̀: psi 5.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Mo tún yá ẹ̀rọ tó ń wo afẹ́fẹ́ àti epo nínú ẹ́síọ́sì: ó ń sọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mélòó ló bá ìwọ̀n epo kan, bí nọ́ńbà bá ń ga, epo ń dín kù. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo ti fi gun òkè Reigate lẹ́ẹ̀kan. Á bẹ̀rẹ̀ ní 13, á wá máa gùn lọ sí 15 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó máa fò. Lọ́jọ́ Sátidé, ó dúró ní 12.8 títí mo fi dé òkè, gíà kẹta, 5,200 rpm (ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan). Mi ò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe dùn tó. Mo dúró sí ibùdókọ̀ tó wà lókè, mo pa á, mo kàn jókòó.

Ó ku nǹkan kan. Nígbà tí mo fẹ́ ṣíná rẹ̀ padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó yí fún ìgbà pípẹ́ kó tó dáhùn, òórùn epo sì wà.

Mẹkáníìkì_Kent

Ẹ kú orí ire, àbúrò mi! Èyí tó kù, ooru ni. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì MGB há fún V8, tí ẹ bá pa á lẹ́yìn òkè, ooru gbogbo á gun orí kábúrétọ̀, epo inú rẹ̀ á máa hó, á sì máa kán sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi páádì tó ń dá ooru dúró, tó nípọn tó mílímítà 12, sáàárín kábúrétọ̀ àti ìdí rẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì á ṣì tì. Tí ẹ bá ń ṣíná rẹ̀ gbígbóná, ẹ tẹ pẹ́dáàlì epo mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra. Tí kò bá lọ tán, a jẹ́ pé régúlétọ̀ tó ní páìpù ìpadàbọ̀ ló kù, kí epo tútù máa yí ká dípò kó dúró síwájú máa gbóná.

Òmíràn: bí ẹ bá rà E10 nígbà kan nítorí pé kò sí E5, 12.8 yín á fẹ́ gùn díẹ̀. Ọ̀pá àti sípíríìngì inú Edelbrock ṣeé pààrọ̀ látòkè láìtú kábúrétọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ ra méjì tó nípọn díẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ àti méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi wọ́n sínú àpò irinṣẹ́.

Ọlọ́kọ̀Pupa

Màá ra páádì náà lọ́sẹ̀ yìí. Rọ́bà R9 mílímítà 8 kù sí mi lọ́wọ́, ó tó mítà kan ààbọ̀, mi ò tíì tú u kúrò nínú ọ̀rá. Ta ló fẹ́ ẹ? Mi ò gbowó.

ÌyáMidget

Ẹ bá mi fi pamọ́, ẹ jọ̀wọ́. Ọdún márùn-ún tèmi pé ní oṣù tó ń bọ̀.